Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Hàmóníkà Tí Kò Ní Wáyà Lẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ní abala yìí pé èmi náà ń fọn hàmóníkà, lẹ́tà lórí ẹ̀ ò tíì dáwọ́ dúró, inú mi sì dùn sí i gan-an ni, torí pé ohun èlò yìí kéré lójú àwọn kan débi pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yẹn ń béèrè: báwo lèèyàn ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ wáyà máìkì láìjẹ gbèsè? Mo ti ṣa márùn-ún nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni ìdáhùn mi máa gùn jù, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, tó bá ti yé yín, ìdajì àwọn tó kù ti yanjú nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Hàmóníkà oníhò mẹ́wàá ni mò ń fọn, àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ olórin wa. Máìkì mi ni èyí tó rí roboto tí wọ́n ń pè ní bullet, inú áńpù gìtá ni mo ń kì í bọ̀. Wáyà ẹ̀ ti sú mi. Níjọ́sí, onígìtá wa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ni máìkì bá já bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín orin. Mo wá rí àwọn wáyálẹ́ẹ̀sì kéékèèké táwọn onígìtá ń lò, ọ̀kan á wọnú gìtá, ìkejì á wọnú áńpù, kò sì wọ́n. Ṣé ó lè bá máìkì tèmi ṣiṣẹ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ohùn ẹ̀ máa bàjẹ́, pé ti olówó gọbọi nìkan ló dáa fún hàmóníkà.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ewu máìkì tó já bọ́. Ẹ tètè yẹ̀ ẹ́ wò, torí tó bá jẹ́ kírísítà (irú kóró kan tó ń sọ ohùn di iná) ló wà nínú ẹ̀, irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ọ nínú láìjẹ́ pé ara ẹ̀ níta ní àpá kankan.

Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Kódà wáyálẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún gìtá bá máìkì bullet mu ju ọ̀pọ̀ wáyálẹ́ẹ̀sì ńláńlá tí wọ́n ṣe fún akọrin lọ. Mi ò ní ọ̀rẹ́ yín parọ́ o, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ibi tí ohùn ti bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe torí pé ẹrù náà ò wọ́n ni. Ohun tó máa ń fà á ni pé máìkì àti transmítà (èyí tó ń gba ohùn lára máìkì tó sì ń fi í ránṣẹ́) ò bára wọn mu, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ná owó rẹpẹtẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iná tó ń jáde látinú máìkì bullet kéré gan-an, agbára tó fi ń tì í jáde náà ò tó nǹkan. Ibi tó ń bọ́ sí gbọ́dọ̀ rọra gbà á, tó bá ti fà á jù, ohùn ti ya kó tó débi tó ń lọ. Ohun tí wọ́n fi ń wọn èyí ni wọ́n ń pè ní impedance, ohm ni wọ́n sì fi ń kà á. Impedance máìkì bullet ga, ti gìtá oníná náà ga, ìdí nìyẹn tí ẹnu áńpù gìtá àti ẹnu transmítà gìtá tí wọ́n bá ṣe dáadáa fi máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 ohm, ó máa ń rọra gbà á ni. Àmọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀ lára míkísà, nǹkan bíi 2000 ohm péré ló máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ transmítà tí wọ́n ṣe fún máìkì akọrin. Ẹ ki máìkì kírísítà bọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbọ́, béèsì á ti sá lọ pátá, ohùn á wá máa dún tín-ín-rín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwé tó bá transmítà yẹn wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ input impedance sí. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 1 ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ kírísítà ni máìkì yín, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó bẹ́ẹ̀ ló máa dáa tó, torí kírísítà fẹ́ràn kó tó mílíọ̀nù 5 pàápàá.

Ọ̀rọ̀ owó yìí, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn máìkì bullet tí gbogbo wa ń wá kiri yìí, Astatic JT-30 àti Green Bullet tí Shure gbé jáde lọ́dún 1949, kì í ṣe torí hàmóníkà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìkéde ni wọ́n wà fún. Nígbà tí Little Walter ń fọn hàmóníkà nílùú Chicago níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sókè, irú máìkì lásán bẹ́ẹ̀ ló kó sáàárín ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú hàmóníkà, ó fi áńpù gbé ohùn ẹ̀ jáde títí tó fi ń ké bíi sasofóònù, gbogbo ayé sì ń tẹ̀ lé ohùn yẹn dòní. Ọwọ́ ẹ̀, èémí ẹ̀ àti áńpù tí wọ́n gbé fọ́lúùmù ẹ̀ sókè débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ya ló ṣe é. Wáyálẹ́ẹ̀sì ò ní fi nǹkan kan kún un, kò sì yẹ kó yọ nǹkan kan kúrò ńbẹ̀. Wáyà ló dípò, iṣẹ́ wáyà ni kẹ́ ẹ retí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó wá ní ohun kan tó máa yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá yọ wáyà. Ohùn á tàn sí i. Wáyà tó gùn máa ń jẹ trébù, ìyẹn ohùn òkè tó ń tàn, tí impedance máìkì bá ti ga, bó bá ṣe gùn tó ló ṣe ń jẹ ẹ́ tó, tó bá ti ju bíi mítà 6 lọ ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ ketekete. Ó ti mọ́ yín létí pé bí máìkì yín ṣe ń dún nìyẹn, ẹ ò mọ̀ pé wáyà wà nínú orin yín. Tí wáyálẹ́ẹ̀sì bá gba ipò ẹ̀, gbogbo trébù tó ń jẹ á padà dé, àwọn kan á ní ohùn ti le jù, ti ń gún àwọn létí, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má dá a padà. Ẹ yí trébù áńpù sílẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn transmítà kan tiẹ̀ ní bọ́tìnì kan tó ń ṣe bíi wáyà, tẹ́ ẹ bá rí i lára tiyín, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ń lo ìgbì rédíò 2.4 GHz ni kẹ́ ẹ rà, dígítà ni wọ́n. Àwọn ti àtijọ́ tí kì í ṣe dígítà máa ń fún ohùn pọ̀ kó tó gbéra, wọ́n á tún tú u padà tó bá débẹ̀, kò sóhun tó burú ńbẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ hàmóníkà tẹ́ ẹ ń fi ahọ́n gé wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ ń ṣí ọwọ́ tẹ́ ẹ ń pa á dé, àyíká ohùn yẹn á máa mí sókè sódò. Dígítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé áńpù ṣá o, èyí tó dáa kì í ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣé ẹ rí i, ohùn fúnra ẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, torí náà ìpẹ́ yẹn ò ju kẹ́ ẹ sún mítà méjì sẹ́yìn kúrò nídìí áńpù lọ. Kò séèyàn tó ń gbọ́ ọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa so ó pọ̀ ló kù. Tó bá jẹ́ Green Bullet tòde òní, 520DX, wáyà ẹ̀ ti wà lára ẹ̀ látilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, mítà 6 ni, ẹnu ẹ̀ sì jẹ́ irú ti gìtá. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e o. Ẹ ká a jọ, ẹ fi okùn dè é, ẹ kó o sápò pẹ̀lú transmítà, tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bá a ṣe ń jó wáyà kó fi kúkurú sí i. Àwọn bullet àtijọ́ ní ìdí tí wọ́n ń yí bíi ìdérí ìgò, wọ́n ń ta ohun kékeré kan tó ń sọ ọ́ di ẹnu gìtá. Èyí á mú kó máa wu yín láti ki transmítà bọ ìdí máìkì tààrà kó sì parí síbẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó wúwo lẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín kí orin kẹta tó parí, ọwọ́ tó bo transmítà náà sì ń bo ojú ọ̀nà tí ohùn fẹ́ gbà jáde. Wáyà bíi mítà kan ni kẹ́ ẹ fi sáàárín wọn, ẹ fi transmítà há bẹ́líìtì, ẹ wá gba wáyà yẹn lábẹ́ bẹ́líìtì kó tó wọnú ẹ̀, tí nǹkan bá fà á, bẹ́líìtì lá fà, kò ní fa ẹnu transmítà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Ohùn hàmóníkà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bò mọ́ máìkì máa ń lágbára, ó le ju ohùn gìtá lọ dáadáa nígbà míì. Tó bá pọ̀ jù fún transmítà, iná pupa ara ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ohùn á sì máa ya kàràkàrà. Yíya tó dùn nínú áńpù kọ́ nìyẹn, ti dígítà kì í dùn rárá. Tí máìkì yín bá ní bọ́tìnì fọ́lúùmù lára, ẹ yí i wálẹ̀ títí iná yẹn ò fi ní tàn mọ́, kẹ́ ẹ wá gbé ti áńpù sókè. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ inú áńpù nìkan ni ohùn ti ń ya.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi wáyà yín àtijọ́ fọn ún lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mú hàmóníkà C, ẹ fa ihò kejì sínú, G nìyẹn, ẹ fà á gùn kẹ́ ẹ sì gbọ́ ìdí ohùn yẹn bó ṣe nípọn tó. Ẹ yọ wáyà, ẹ fi wáyálẹ́ẹ̀sì sí i, ẹ má fọwọ́ kan áńpù, ẹ tún fa ihò kejì yẹn. Tó bá tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ impedance ni. Tó bá nípọn àmọ́ tórí ẹ̀ ń tàn jù, trébù ni kẹ́ ẹ yí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní bullet. SM58 lásán, máìkì akọrin, ni mo ní. Mo rí transmítà kan tí wọ́n ń ki bọ ìdí máìkì onírin mẹ́ta. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kọ́kọ́ lọ wá bullet?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wá nǹkan kan àbúrò mi, SM58 dáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń fọn hàmóníkà ló ń lò ó, tàbí SM57 tó jọ ọ́ nínú àmọ́ tórí ẹ̀ kéré, tó sì rọrùn láti há mọ́ ọwọ́.

Impedance tìrẹ kékeré ni, òdìkejì ìbéèrè àkọ́kọ́ ni tìẹ. Transmítà onírin mẹ́ta yẹn ló bá a mu, ti gìtá kọ́. Tó bá jẹ́ pé míkísà lo fẹ́ kó bọ́ sí, ọ̀rọ̀ ti parí, risífà, ìyẹn ìkejì tó ń gba ohùn tí transmítà fi ránṣẹ́, á wọ míkísà bí máìkì ṣe ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ áńpù gìtá ni, wàá nílò transfọ́mà kékeré kan tó ń sọ impedance kékeré di gíga, ó rí gbọọrọ bí ìka ọwọ́, ẹnu máìkì lápá kan, ẹnu gìtá lápá kejì. Ibi tí wáyálẹ́ẹ̀sì ti ṣe èèyàn lóore nìyí: ìdí risífà lẹ́yìn áńpù ni transfọ́mà yẹn máa wà, kò ní fi ìwúwo ẹ̀ kún ọwọ́ ẹ. Bọ́tìnì kan wà lára àwọn transmítà míì tó ń gbé iná 48 fólíìtì fún máìkì tó nílò ẹ̀. SM58 ò nílò ẹ̀, pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa ọwọ́ rẹ rèé. SM58 kì í fetí sí ẹ̀yìn, iwájú nìkan ló ń gbọ́, ihò kéékèèké tó wà lẹ́yìn kóró inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá wá fi gbogbo ọwọ́ bo orí ẹ̀, o ti dí àwọn ihò yẹn, á wá máa gbọ́ láti ibi gbogbo, fídíbáàkì, ìyẹn igbe wíì tó ń bẹ́ jáde nínú sípíkà, á sì tètè dé. Bíbò yẹn náà ló ń mú ohùn nípọn, mi ò ní kó o má bò ó. Ṣáà mọ ìgbà tó o bò ó àti ìgbà tó o ṣí i. Di hàmóníkà mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì, jẹ́ kí orí máìkì sùn sínú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kí ìka ìsàlẹ̀ méjì ọwọ́ ọ̀tún máa ṣí bí ilẹ̀kùn. Tó o bá ti sinmi fífọn, ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ ṣí pátá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní sípíkà Bluetooth kan nílé tó ń dún dáadáa. Ṣé mi ò lè fi máìkì sí ohun tó ń fi Bluetooth ránṣẹ́, kí hàmóníkà mi máa jáde níbẹ̀? Á jẹ́ kí n má tún ra nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ ò ní gbádùn ẹ̀. Bluetooth lásán máa ń pẹ́ tó ìdá 100 sí 200 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dún, ẹ̀ẹ́ ti fa ihò kẹrin, ẹ ti kúrò ńbẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Fún orin tí wọ́n ti ká sílẹ̀, kò ní wàhálà. Fún ẹni tó ń fọn ní tààrà, á máa fà yín sẹ́yìn títí ẹ ó fi rò pé ẹ ò mọ ìlù tẹ̀ lé mọ́. Tí sípíkà yẹn bá ní ihò tí wọ́n lè ki wáyà bọ̀, ẹ ki risífà wáyálẹ́ẹ̀sì tòótọ́ bọ̀ ọ́, èyí á ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Mo ti ra wáyálẹ́ẹ̀sì, ohùn ẹ̀ dáa, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá jáde sáàárín èrò ni igbe wíì yẹn máa ń bẹ́ jáde, tí gbogbo èèyàn á fi ọwọ́ di etí. Nígbà tí mo ń lo wáyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo sì rántí ojú ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú, ó dùn mí débi pé mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì mọ́.

Ohun tó yí padà ni pé wáyà ò dá yín dúró mọ́. Tẹ́lẹ̀, wáyà ló ń so yín mọ́ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ áńpù, ẹ ò lè rìn kọjá ibi tó bá yín mọ. Ní báyìí ẹ ti ń gba iwájú sípíkà kọjá pẹ̀lú máìkì tó ń gbọ́ láti ibi gbogbo lọ́wọ́, ohùn á jáde nínú sípíkà, á wọnú máìkì, á tún jáde, á máa yípo títí á fi di igbe. Kó yé yín o, wáyálẹ́ẹ̀sì kọ́ ló ń ké. Ibi tẹ́ ẹ gbà kọjá ni.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí èrò tó dé, ẹ yí fọ́lúùmù áńpù síbi tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ gbé máìkì dání, ẹ má fọn nǹkan kan, ẹ máa rìn. Ẹ rìn dé gbogbo ibi tẹ́ ẹ máa fẹ́ dé. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun wíì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fojú sàmì sí i, ẹ má dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ gbé áńpù kúrò nílẹ̀ síbi tó ga díẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kan, kó má dojú kọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ tún yí trébù wálẹ̀, mo ti sọ ọ́ níṣàájú pé yíyọ wáyà ti dá trébù padà fún yín láì bi yín, òkè yẹn gan-an ni fídíbáàkì sì máa ń gbà wọlé.

Ẹ kọ́ ọwọ́ yín láti máa pa fọ́lúùmù máìkì nígbà tẹ́ ẹ ò bá fọn. Tí máìkì ò bá ní bọ́tìnì fọ́lúùmù, wọ́n ń ta kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín máìkì àti wáyà, mo gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ rà á kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun míì. Ẹ tún má gbé máìkì lé ihò àyà yín tẹ́ ẹ bá ń sinmi, tàbí kẹ́ ẹ fi í sábẹ́ apá, dídí tẹ́ ẹ dí i yẹn náà lè mú kó ké. Tí gbogbo èyí ò bá tó, ẹ gba èyí gbọ́: áńpù tó kéré tẹ́ ẹ fi máìkì míì síwájú ẹ̀ lọ sínú sípíkà ńlá máa ń dákẹ́ ju áńpù ńlá tẹ́ ẹ gbé fọ́lúùmù ẹ̀ sókè lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wáyálẹ́ẹ̀sì mi ń já gan-an. Nílé tí mo bá ń dán an wò, mo lè rìn dé ìkángun ilé, àmọ́ lójú agbo, láàárín èrò, á dún, á dákẹ́, á tún dún. Wọ́n kọ mítà 30 sára páálí ẹ̀. Ẹnìkan tún fẹ́ ta wáyálẹ́ẹ̀sì àlòkù kan tó ń lo ìgbì rédíò UHF fún mi ní owó kékeré, ó ní ìyẹn kì í já. Kí n gbà á?

ÌDÁHÙN: Mítà 30 tó wà lára páálí yẹn, ibi tí nǹkan kan ò dí transmítà àti risífà lójú ni wọ́n sọ. Omi ló pọ̀ nínú ara èèyàn, omi sì máa ń gbé 2.4 GHz mì. Nílé, ẹ̀yin nìkan lẹ wà. Lójú agbo, ara èèyàn bí ogiri ni, Wi-Fi àti Bluetooth inú fóònù gbogbo wọn sì ń pariwo lójú ọ̀nà kan náà tí wáyálẹ́ẹ̀sì yín ń gbà. Torí náà ẹ gbé risífà sókè, ó kéré tán kó ga ju orí èèyàn lọ. Mo ti rí i tí èèyàn ki í bọ ẹ̀yìn áńpù nílẹ̀, tí áńpù fúnra ẹ̀ wá dí i lójú. Ẹ fi wáyà bíi mítà méjì láti risífà sí áńpù, kò ní jẹ trébù torí impedance ohun tó ń jáde nínú risífà kékeré ni, kẹ́ ẹ wá so risífà mọ́ ara ọ̀pá máìkì. Ẹ fi transmítà sí ẹ̀gbẹ́ ìdí tó kọjú sí risífà, kì í ṣe àpò ẹ̀yìn. Ẹ pa hotspot fóònù yín àti tàwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré. Tó bá ṣì ń já, ẹ yí ṣánẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ní mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ẹ dán gbogbo wọn wò lẹ́yìn tí èrò ti dé, torí èyí tó dáa lọ́sàn-án lè má dáa nígbà tí fóònù bá ti pọ̀.

Ẹ wo bátìrì náà. Bátìrì tó ti ń kú lọ máa ń jọ ohùn tó ń já. Èyí tí wọ́n ń chájì tó wà nínú ẹ̀ máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tó bá jẹ́ wákàtí 5 ló ń lò nígbà tẹ́ ẹ rà á, ẹ má retí 5 lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

UHF yẹn, òótọ́ ni pé èèyàn ò tètè dí i lójú bíi ti 2.4 GHz. Àmọ́ ẹ yẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú ojú ọ̀nà UHF lọ́wọ́ àwọn oní máìkì fún ilé iṣẹ́ fóònù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti lé wọn kúrò ní 700 MHz lọ́dún 2010, wọ́n sì tún gba èyí tó pọ̀ jù nínú 600 MHz lọ́dún 2020, ìdí nìyẹn tí ẹrù àlòkù fi pọ̀ lọ́jà lówó kékeré, ẹni tó ń tà á sì lè máà mọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹ béèrè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìgbì rédíò níbi tẹ́ ẹ wà bóyá wọ́n ṣì gba nọ́ńbà yẹn láyè. Tí ìdáhùn ò bá dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n ti gba 2.4 GHz láyè láìgba ìwé àṣẹ.

Tẹ́ ẹ bá sì ti parí eré, ẹ nu ẹnu máìkì gbẹ, ẹ gbọn omi inú hàmóníkà dànù sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kí méjèèjì gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa àpótí dé, pàápàá tó bá jẹ́ máìkì kírísítà, ọ̀rinrin àti ooru ló ń pa á. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ chájì transmítà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ eré tó ń bọ̀. Wáyà àtijọ́ yẹn náà, ẹ ká a dáadáa kẹ́ ẹ fi í sísàlẹ̀ àpótí, ọjọ́ tí iná transmítà bá kú láàárín orin, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ máa fi kì í bọ̀ ọ́ padà, orin ò ní dúró.